Owó Tí A Fi Han Ìjọba, Níbo Ló Wà Báyìí?

   Ẹ̀yin ará mi ní Airdrie àti ní Calgary, ní Alberta níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń di oúnjẹ iṣẹ́ alẹ́, ẹ jẹ́ kí rédíò máa bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń dì í.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe rí i, torí pé ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Owó tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ síbì kan, tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn títí ọjọ́ tí nǹkan òjijì bá ṣẹlẹ̀, òun ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní in, mo sì fẹ́ ká jọ bi ara wa pé kí ló dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Express Entry wá sí Kánádà, tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́ níbí, ìjọba máa ń ní kó fi owó hàn. Lọ́dún 2024, ẹni tó ń bọ̀ lóun nìkan ní láti fi dọ́là 14,690 hàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ní láti fi dọ́là 27,297 hàn. Báǹkì á kọ̀wé pé owó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, á sì kọ bó ṣe rí láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ìdí tí ìjọba fi ń béèrè rẹ̀ ni pé wọn ò fẹ́ kí ebi pa yín kí ẹ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, owó pàjáwìrì gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà ní Airdrie lónìí ló ní in lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí bàlúù wọn balẹ̀.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 2022, àjọ Statistics Canada bi àwọn ará orílẹ̀-èdè yìí léèrè bóyá wọ́n lè rí dọ́là 500 san bí ìnáwó òjijì bá yọjú. Ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ò lè rí i. Ká sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, bí ènìyàn mẹ́rin bá tò sórí ìlà nílé ìtajà, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀ tí 500 yóò dá dúró. Kì í ṣe àlejò nìkan ni wọ́n bi o. Àwọn tí wọ́n bí síbí, àwọn tí bàbá wọn àgbà ti ń dáko ní Alberta tipẹ́, wọ́n wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà náà, báǹkì àpapọ̀ wọn máa ń béèrè lọ́dọọdún nípa 400 dọ́là. Lọ́dún 2023, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ni kò ní rówó lọ́wọ́ tí wọ́n máa fi san án láìyá tàbí láìta nǹkan.

Báwo wá ni ilé tó fi 27,000 han ìjọba ṣe máa ń di ilé tí 500 ń lé kiri?

Àwọn kan á sọ pé ìnákúnàá ni. Wọ́n á ní ẹ ń ra aṣọ ẹbí jù, ẹ ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ bíi pé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé. Mi ò sọ pé kò sí irú ìyẹn láàárín wa. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn tí kò ra nǹkan kan fún ara wọn láti ọdún tí wọ́n ti dé, síbẹ̀ tí kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó náà lọ ká wo ibi tó gbà.

Owó tí a fi hàn yẹn, ilẹ̀ tí a tà ló wà nínú rẹ̀, mọ́tò tí a tà, owó kọpuréétìfù tí a kó tán. Ó débí, onílé gba rẹ́ǹtì oṣù kan, ó tún gba owó ìdúró, tí òfin Alberta kò jẹ́ kó ju rẹ́ǹtì oṣù kan lọ. A ra ibùsùn. A ra jákẹ́ẹ̀tì òtútù àti bàtà sínóò fún ẹni mẹ́rin, ọmọ sì ń dàgbà kúrò nínú tiẹ̀ kí òtútù kejì tó dé. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò. Airdrie kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Calgary wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Balzac, tó ń wọlé níbẹ̀ lóru, kí ni bọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe fún un? Ẹni tó sì ra mọ́tò gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì. Alberta wà lára ibi tí ìnṣọ́ránsì mọ́tò ti wọ́n jù ní Kánádà. Ẹni tó ti ń wakọ̀ l'Ékòó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì níbí á kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, wọ́n á sì bu owó lé e bẹ́ẹ̀. Kí iṣẹ́ gidi tó dé, owó tí a fi hàn ti di ohun tí à ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ó dáa, iṣẹ́ wá dé. Owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ní Alberta jẹ́ dọ́là 15 fún wákàtí kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí 40 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, dọ́là 1,200 ni tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìjọba tó gé tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjà ní Kánádà ti fi ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Láti ọdún 2018 títí di òní, adìyẹ, epo, wàrà ọmọ, gbogbo wọn ló ń gòkè, 15 dọ́là jókòó síbi tó wà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin awakọ̀ ńlá, mo mọ̀ pé ẹ ń gbà ju 15 lọ. Tiyín ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí pé ẹ̀yin lẹ ra ilé. Airdrie dàgbà gan-an: 61,581 ni wá lọ́dún 2016, a di 74,100 lọ́dún 2021. Ohun tó sì gbé ọ̀pọ̀ wá síbí ni pé ilé ṣì rọ̀ díẹ̀ ju ti Calgary lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ń rà á, èlé báǹkì wà nílẹ̀ pátápátá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2022, ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni Báǹkì Kánádà gbé èlé rẹ̀ sí. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ó ti di ìdá 5.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilé kan tí gbèsè orí rẹ̀ jẹ́ 400,000 dọ́là, tí wọ́n fẹ́ fi ọdún 25 san. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 2, owó oṣù kan jẹ́ nǹkan bíi 1,700. Bí èlé bá di ìdá 5 àbọ̀, owó oṣù kan ju 2,400 lọ. Ilé kan náà ni, yàrá kò pọ̀ sí i, òrùlé kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ju 700 dọ́là lọ tó jáde kúrò nínú ilé yẹn lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, ó ti ju 8,000 lọ. Ẹni tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí, tó wá jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí wọ́n ń sọ fún un pé kò mọ owó ná, ó yẹ kí inú bí i. Èlé ti rọlẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi káàdì àti láìnì kírédíìtì báǹkì gbé ara rẹ̀ la ọdún méjì yẹn já ṣì ń san án títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín wọ inú alẹ́ kan. Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 13, oṣù Kínní, ọdún 2024, tí gbogbo fóònù Alberta dún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìjọba ń bẹ̀ wá ká pa iná tí a kò bá lò, torí pé òtútù ti pọ̀ débi pé iná ọba fẹ́ kọṣẹ́. Ẹ fojú inú wo irú òtútù yẹn. Aago méjì òru. Ọmọ kékeré jí, ó ní ẹsẹ̀ òun ń dun òun. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ihò afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, atẹ́gùn ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù. Ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó yẹ kó kọ 20 ti kọ 17. Bàbá gbé iná fóònù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì, ó ṣí ojú furnace tó ń mú ilé gbóná: iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ń dákẹ́, ó ń ṣẹ́jú. Ó pa á, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ náà gbìyànjú, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tó fi máa gòkè padà, ògiri ti kọ 15. Wọ́n kó gbogbo ọmọ sórí ibùsùn kan, wọ́n kó gbogbo dùfẹ́ẹ̀tì lé wọn. Bí ilé bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú páìpù á dì, páìpù á bẹ́, ìnáwó mìíràn nìyẹn. Bàbá pe nọ́ńbà tó wà fún òru. Ẹni tó gbé e kọ́kọ́ sọ iye tí òun ń gbà láti jáde nílé lóru, kó tó mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà rárá. Bàbá wo ìyá. Ìyá ní kó lo káàdì.

Ọ̀pọ̀ káàdì níbí, nǹkan bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé wọn lọ́dún. Bí wọ́n bá rọra ń san díẹ̀díẹ̀ tí báǹkì ní kí wọ́n san, òtútù mìíràn á bá wọn nínú gbèsè òtútù yìí. Gbèsè yẹn gan-an ni kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè kó owó jọ de èyí tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan o, kí ẹ má bínú sí mi. Ọdún mélòó ni furnace yẹn? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń lo bíi ọdún 15 sí 20. Ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 2007, tí ẹ rà á lọ́dún 2021, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti darúgbó kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó jẹ́ òjijì níbẹ̀, àfi ọjọ́ tó máa ṣẹlẹ̀. Òjò yìnyín náà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ó lu Airdrie, ó fọ́ gíláàsì, ó gbẹ́ ara ilé bí ẹni fi òòlù lù ú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ó lu ìlà-oòrùn àríwá Calgary, ohun tí ìnṣọ́ránsì san ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó tún dé, ìyẹn ju bílíọ̀nù méjì lọ dáadáa. Ìnṣọ́ránsì á san o, ṣùgbọ́n iye kan wà tí ìwọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ nínú àpò rẹ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Owó-orí ilé máa ń dé lóṣù Kẹfà. Táyà òtútù, àwọn nǹkan iléèwé lóṣù Kẹsàn-án, a mọ gbogbo wọn. Ohun tí à ń pè ní pàjáwìrì ní Airdrie, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ní oṣù tirẹ̀ lára kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá ń fi owó pàjáwìrì san irú wọn kò ní ní in lọ́jọ́ tí pàjáwìrì gidi bá dé. Ọ̀tọ̀ ni kí a máa tọ́jú owó àwọn wọ̀nyí, ọ̀tọ̀ ni kí a tọ́jú ti àìsàn àti ti iṣẹ́ tó bọ́.

Iṣẹ́ sì lè bọ́, ẹ̀yin ará. Epo rọ̀bì ni Alberta fi ń jẹun. Nígbà tí epo já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2014, títí oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni àìríṣẹ́ fi gòkè dé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ yìí. Owó EI tí ìjọba ń san fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì pé kò ní rí i gbà. Àìsàn náà bẹ́ẹ̀. Dókítà kò gba owó lọ́wọ́ wa, ìyẹn jẹ́ ọpẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n Airdrie kò ní ilé-ìwòsàn ńlá tirẹ̀. Bí ọkọ̀ ambulance bá gbé ọ lọ sí Calgary, bíìlì 385 dọ́là á tẹ̀ lé ọ délé bí o kò bá ní ìnṣọ́ránsì tó máa san án.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù. Nílé, kí ni àwọn òbí wa ń ṣe bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru? Wọn kì í lọ sí báǹkì. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Bàbá á kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, ìyá á ránṣẹ́ sí ìyá ẹgbẹ́ lọ́jà, àárọ̀ kò ní tíì mọ́ tí owó ilé-ìwòsàn ti pé. Ènìyàn ni owó pàjáwìrì wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi dàgbà láìrí ẹni tó ń tọ́jú owó de ọjọ́ tí kò mọ̀. Owó iléèwé, owó ilé, owó ìgbéyàwó, a máa ń tọ́jú de ìyẹn. Ti ọjọ́ tí kò lórúkọ, ènìyàn la ti tọ́jú dè é.

Ní Airdrie, ta la fẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ará wa wà níbí, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà la jọ dé, èlé kan náà ló gun gbogbo wa, ọjọ́ Ẹtì kan náà ni owó ń wọlé fún ọ̀pọ̀, ọjọ́ kan náà ló ń tán. Àǹtí tó lè yá ọ, òun náà ń wá ẹni tó máa yá òun. Ọwọ́ tó ń gbé wa ró nílé kò sí níbí mọ́, owó ló ní láti ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé iye tó máa gbà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwa náà sì jẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn tó wà nílé ń kàn. Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó wà nílé rò pé ohun tí à ń fi ránṣẹ́ ti di òkè owó. Lóòótọ́ náírà rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìrẹsì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó iléèwé, gbogbo wọn bá a sáré, ìpè sì ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù.

Mo ti gbọ́ àwọn olùkọ́ owó lórí ẹ̀rọ ayélujára tó ń sọ pé ẹ má fi owó ránṣẹ́ sílé mọ́. Mi ò gbà. Ìyá tó fi àjọ rẹ̀ san owó WAEC rẹ, tó wá di pé oògùn rẹ̀ tán, kì í ṣe ẹni tí à ń yọ kúrò nínú ìṣirò. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò fún ilé ní iye kan pàtó. Ìpè kọ̀ọ̀kan là ń dáhùn bó ṣe ń dé, ẹni tó sì pè ṣáájú ló ń gba owó ẹni tó pè lẹ́yìn. Bí tọkọtaya bá jókòó, tí wọ́n mú iye kan fún ilé lóṣooṣù, kódà kó tóbi, ó sàn ju kí ó jẹ́ pé ẹni tó sunkún jù ló ń gbà jù.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí nǹkan kan nípa ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ọ́yọ̀ọ́, l'Ógùn, l'Ékòó, ẹ kó owó jọ nígbà náà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Kọpuréétìfù ni. Láti ọdún 1935 tí ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà la ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń gé e láti ibi tí owó oṣù ti ń bọ̀, ojú yín kò rí i, ọwọ́ yín kò kàn án. Ìyá ọlọ́jà kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n alájọ ń wá sídìí àtẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Títí dòní, bí a bá fẹ́ yin ọlọ́pọlọ, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó fi ọdún mẹ́ta gbàjọ láìkọ orúkọ ẹnìkan sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú lọ sí Trinidad, èsúsú bá wọn lọ, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní. Nínú gbogbo rẹ̀, kò síbi tí a ti fi ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ tí owó wọlé. Ẹlòmíràn ló ń wá gbà á, ọjọ́ rẹ̀ sì ti wà. A dé Kánádà, a bọ́ sọ́wọ́ ara wa. Wọ́n ní kí oníkálùkù fúnra rẹ̀ máa yọ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti san gbogbo bíìlì. Lẹ́yìn bíìlì, kí ló kù?

Bí ẹ bá rò pé àìtó owó nìkan ni, ẹ wo ìjọba Alberta fúnra rẹ̀. Peter Lougheed, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé-ìwòsàn kan tí wọ́n ń gbé àwọn ará Airdrie lọ ní Calgary, òun ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí lọ́dún 1976 tí wọ́n dá àpò Heritage Fund sílẹ̀. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo àti gáàsì ni kó máa wọ inú rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n dín in kù sí ìdá 15. Lọ́dún 1987, nígbà tí epo ti já wálẹ̀, wọ́n dáwọ́ fífi ìdá yẹn síbẹ̀ dúró. Norway ṣe òfin tiwọn lọ́dún 1990, wọ́n fi owó àkọ́kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1996, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Tiwọn ti ju tírílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ, ti Alberta wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 30. Àwọn méjèèjì ló ní epo. Norway so ọwọ́ ara wọn mọ́lẹ̀ kí owó tó dé, Alberta ń wo bí ọdún bá ṣe rí.

Kí la wá lè ṣe níbí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 500 yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé owó oṣù mẹ́fà lẹ gbọ́dọ̀ ní kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ẹni tó ń gbowó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ìgbà 26 ló ń gbà á lọ́dún. Bí 20 dọ́là bá ń kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan, ó di 520. Ẹ sọ fún báǹkì kó máa yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí owó wọlé gan-an, kó máa lọ sí àkáǹtì tó wà ní báǹkì mìíràn, tí kò ní káàdì. Ìgbà 26 yẹn tún ní nǹkan kan nínú: oṣù méjì máa ń wà lọ́dún tí owó á wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Rẹ́ǹtì tàbí owó ilé kò lọ sókè lóṣù náà. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín lálẹ́ yìí, ẹ fi àmì sí oṣù méjèèjì, kí apá kan nínú owó kẹta yẹn ti ní ibi tó ń lọ.

Àkáǹtì TFSA dára fún un, torí pé ìjọba kì í gba owó-orí lórí èlé rẹ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ nígbàkigbà. Ọdún tí ẹ di olùgbé Kánádà ni àyè tiyín bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọdún 2009 tí wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn kan ti san ìtanràn nítorí pé wọn ò mọ èyí. Ẹ má sì fi owó pàjáwìrì ra ṣíà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ọjọ́ yẹn ni ṣíà náà máa ń já wálẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń yá ènìyàn lówó de ọjọ́ owó oṣù, ẹ jìnnà sí i bí ẹ bá lè rí ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2025, òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbà ju 14 dọ́là lọ lórí 100 kọ̀ọ̀kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá 500 fún ọ̀sẹ̀ méjì á san 570 padà, owó oṣù tó bá sì fi san án á ti dín kù kó tó dé. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe 211, wọ́n á sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ lọ sí Airdrie Food Bank. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún 2024 nìkan, ó ju ìgbà mílíọ̀nù méjì lọ tí àwọn ènìyàn lọ gba oúnjẹ nírú ibi bẹ́ẹ̀ káàkiri Kánádà. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò ná lè jẹ́ owó iná.

Àjọ tí à ń dá níbí pẹ̀lú Interac, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ó ní àléébù kan: nọ́ńbà tí o máa fi kó o lè jẹ́ 11, kí furnace rẹ kọṣẹ́ lóṣù Kejì. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà, bí a ṣe ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí tirẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. Ohun tí mo ń dá lábàá ni kí ẹgbẹ́ ẹni 12 fi 10 dọ́là lé àjọ wọn lóṣooṣù, kó máa lọ sí àpótí. Lọ́dún kan, 1,440 ti wà níbẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí á yá a láìsí èlé, á máa dá a padà fún oṣù mẹ́fà. Kí ẹni méjì máa mójú tó àkáǹtì náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́. A ò lè máa retí orí alájọ Ṣómólú lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú.

Kí ẹgbẹ́ tó dá dọ́là àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí àpótí wà fún, torí pé ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá. Ẹ̀rọ ilé, iṣẹ́ tó bọ́, eyín tó wú lóru, ọmọ tó wà ní ilé-ìwòsàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìsìnkú nílé ńkọ́? Èrò tèmi ni pé tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ tó fẹ́ lọ sin bàbá rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Màlúù àti aṣọ ẹbí kì í ṣe é. Àwọn kan á bá mi jiyàn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ìlà fóònù wa ti ṣí báyìí, mo fẹ́ gbọ́ ibi tí ẹgbẹ́ tiyín fa ààlà sí.